Igun Kẹrin Tí Mo Bá Ọ Parí Lára Ìwé Rẹ

Abuyan,
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn kíláàsì.

Jovelyn ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ láti orí òkè wá. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Màníla, mo kí ọ kú ìdúró nídìí ìkòkò ọṣẹ ní ilé iṣẹ́ yín. Ọlọ́run tó ń jí èmi níbí, kí ó máa jí ìwọ náà lọ́hùn-ún, kí ọṣẹ tó ń hó má ta sí ọ lójú, kí àwọn ọ̀gá rẹ máa rí ọ bí ẹni tí iṣẹ́ wọn kò lè lọ láìsí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o lọ nígbà tí o bá fẹ́ lọ. Àmín. Tí o bá ń bèèrè wa, a wà. Orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí, ti òsì ti dákẹ́, n kò mọ ohun tó ṣe é. Ẹlẹ́dẹ̀ bí méje, ó sùn lé ọ̀kan, ó ku mẹ́fà. Ìrẹsì òkè ti pọ́n, ti ẹ̀bá odò kò tíì pọ́n, àwọn ẹyẹ sì ti tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Tísà Arsenia tó ń kọ́ wa ní kíláàsì àgbà ní òun lè bá mi kọ ọ́ kí ó lè yá, mo ní kí ó jẹ́ kí ó pẹ́. Ọdún kejì mi rèé tí mo ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré ní ọ̀sán Sátidé, mo ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ìwọ náà lo sì sọ pé ẹni tó lè há ọgbọ̀n ìlà aṣọ sórí láìkọ ọ́ sílẹ̀ kò lè má mọ ìwé kà. O sọ òótọ́. Mo ti mọ gbogbo lẹ́tà pátá, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì níṣẹ́ gidi kan tí wọ́n ń ṣe. Ibi tí o bá ti rí àmì ẹsẹ̀ lórí ìwé yìí, adìẹ ni, kì í ṣe èmi.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu Pakoy onímọ́tò, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń délé ṣáájú ọkọ̀ rẹ̀. Ìwé tí o fi ránṣẹ́ sí mi, tí o fẹ́ fi gba iṣẹ́ tísà sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ wa, mo bà á jẹ́. Kò bàjẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ó bàjẹ́ fún bíi wákàtí méjì, gbogbo èèyàn ló sì rí i. Wá ibi kan jókòó sí.

Ọjọ́ Ajé ni Pakoy gbé àpòòwé rẹ dé. Mo ka ohun tí o kọ sẹ́yìn rẹ̀ fúnra mi, ìka mi wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. O ní kí olórí abúlé fọwọ́ sí i pé ọmọ ibí ni ọ́. O ní kí n gbé e dé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní ìlú kí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó lù. O ní omi kò gbọ́dọ̀ kàn án, o ní n kò gbọ́dọ̀ ká a. Ohun tí o kọ kò ju ìyẹn lọ. Mo tún kà á lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí láti rí i dájú pé kò ju ìyẹn lọ.

Tísà Arsenia ti ṣàlàyé fún mi bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ṣe jẹ́. Àyè kan ṣoṣo ni, ó ti ṣófo fún ọdún mẹ́ta. Tí kò bá sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ní aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò gbé àyè náà fún ìlú mìíràn, wọn kì í sì í gbé irú rẹ̀ padà. Láti ọdún mẹ́ta yìí, Tísà Wandag tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré sísá ni wọ́n ní kí ó máa bá wọn ṣe sáyẹ́ǹsì. Kò fi í pa mọ́, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó máa ń da ìwé kọ sára pátákó, àwọn ọmọ á da pátákó kọ sínú ìwé, aago á lù. Ọmọ aládùúgbò mi mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà òdòdó lórí bí ẹni ń ké orin, ó sì ń bi mí lọ́jọ́sí pé kí ni nǹkan pupa rúsúrúsú tó wà lórí ìtàkùn elégédé mi. Mo ní òdòdó ni. Ó ní irú èyí tó wà nínú ìwé?

Tí àyè náà bá lọ, ẹni tó bá fẹ́ kàwé gidi níbí yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, yóò gba yàrá, yóò máa dáná fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ lọ ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ìwọ náà lọ ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Àwọn tó bá lọ ní ọjọ́ orí yẹn máa ń padà wá kí wa.

Ọjọ́ Ajé kan náà ni mo gbé ìwé lọ bá Lumawan olórí abúlé. Ó ń já irun imú rẹ̀ níwájú dígí. Ó ní ṣé Jovelyn tó ń se ọṣẹ ni? Mo ní òun ni. Ó ní háà, Màmá Gamaya, tísà gidi ń lo ọdún mẹ́rin gbáko kó tó mọ iṣẹ́ tísà, ti yín fi òpin ọ̀sẹ̀ kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ijó. Mo ní ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ ohun tó wà nínú ọṣẹ, ọdún méje ló ti fi ń ṣe é, ọdún kan ààbọ̀ ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi yé ọmọdé, ó ṣe ìdánwò ìjọba tí gbogbo tísà ń ṣe, ó sì yege. Mo wá bi í pé ọdún mélòó lòun fi kọ́ iṣẹ́ olórí abúlé. Ó ní kí n mú bírò wá.

N kò sọ fún un pé inú fóònù ni kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀ rẹ wà, torí kò ní yé e. Ṣùgbọ́n èmi fojú ara mi rí i nígbà Kérésì tí o wá, tí o gun àpáta ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ wá ibi tí fóònù ti lè gbọ́ràn, tí mo ní kí wọ́n bá mi gbé kọfí tẹ̀ lé ọ. O bi mí nígbà yẹn pé kí ló dé tí ife fi jẹ́ méjì. Ọ̀kan wà fún tísà rẹ tó wà nínú fóònù. Obìnrin náà ti sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan láìmu nǹkan, ó sì ń wo ẹnu wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó ní òun mu ún. N kò mọ bó ṣe mu ún, torí pé ife náà ṣì kún nígbà tí a gbé e sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó tutù, nítorí náà ó ní láti jẹ́ pé ó fọwọ́ kàn án.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìwé.

Nígbà tí mo délé lọ́dọ̀ Lumawan, mo tẹ́ ìwé náà sórí àpótí kí n lè wò ó bóyá ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ti gbẹ. Abẹ́ orúkọ rẹ gan-an ni onígun mẹ́rin kan wà, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó kún fún dúdú àti funfun wẹẹrẹwẹ. Mo ti máa ń rí irú rẹ̀ lára páálí oògùn, n kò kà á sí. Ṣùgbọ́n èyí wà lábẹ́ orúkọ rẹ. Mo wọ awò mi. Jovelyn, iṣẹ́ aṣọ ni. Ìlà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ní ìbú, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ní òró, kò sí okùn kan tó yẹ̀. Ẹni tó hun ún mọ iṣẹ́, n kò ní gba iyì rẹ̀. Ó fi àpótí dúdú kan tó ní àpótí mìíràn nínú sí igun òkè lápá òsì, ó fi irú rẹ̀ sí igun òkè lápá ọ̀tún, ó fi irú rẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Nígbà tó kan igun kẹrin, ó fi í sílẹ̀ lọ. Kìkì wẹẹrẹwẹ ló kù síbẹ̀.

Mo jókòó tì í. Mo rò ó pé bóyá wọn kò sanwó fún un tán ni. Mo rò ó pé bóyá ọmọ rẹ̀ ló ń sunkún. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, ṣùgbọ́n èmi padà síbẹ̀. Mo wá rò ó pé ìwé yìí ń lọ bá ìjọba, orúkọ ìdílé wa wà lórí rẹ̀, gbogbo àgbègbè yìí ló sì mọ̀ pé ìdílé ahunṣọ ni wá. Kí wọ́n wá tẹ́ ẹ síwájú àwọn ọ̀gá, kí wọ́n bèèrè pé ta ló ni aṣọ onígun mẹ́ta yìí, kí wọ́n ní ọmọ ọmọ Gamaya ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé rúlà tí mo yá ní kíláàsì, mo gbé bírò dúdú. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ mi, pé kí n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíràn, kí n kà á. Mo ka igun náà, méje ní ìbú, méje ní òró, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì, mo ń pè é bí a ṣe ń pè é nídìí òfì, dúdú méjì, funfun kan, dúdú kan, títí mo fi lè pè é ní ojú dídì. Lẹ́yìn náà ni mo ya àpótí kẹrin lé e lórí. Ó dára. N kì í yin ara mi, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọ, o kò ní mọ èyí tí ẹ̀rọ kò ṣe. Mo fi ọ̀rá wé ìwé náà kí omi má kàn án, mo fi í sáàárín pákó méjì kí ó má ká. Gbogbo ohun tí o ní kí n ṣe ni mo ṣe. O kò sọ pé n kò gbọ́dọ̀ parí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì mo wọ jíípù Pakoy ní ìdájí. A dé ìlú ní ọ̀sán, torí pé Pakoy dúró gba ẹlẹ́dẹ̀ méjì àti ìyàwó tuntun kan lójú ọ̀nà. Lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, ẹ̀rọ kan wà tó ń pọ ìwé jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́, ó fún mi ní mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé méjìléláàádọ́rin ni mí. Ó ní Ìyá àgbà, nọ́ńbà ìtò yín ni. Mo ní kò burú, kí ó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà, ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe kékeré. Atẹ́gùn inú ibẹ̀ tutù bíi ti orí òkè wa ní oṣù kìn-ín-ní, wọ́n sì ń sanwó iná fún un.

Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn dígí, ó di nǹkan kan mú bí ìbọn ìṣeré tó ń tan iná pupa. Ó tan iná náà sára onígun mẹ́rin. Kò dún. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú ìbọn, ó tún tàn án. Kò dún. Ó ní Ìyá àgbà, ìwé yín kò dáhùn. Mo ní bóyá kò tíì kí i ni. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Sagayo, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so awò mọ́ ọrùn. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ imú, ó gbé e jìnnà, ó bi mí pé ta ló tẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹ̀rọ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èmi ni mo parí rẹ̀. Ó ní mo parí kí ni? Mo fi ìka hàn án, mo ní kí ó má ṣe ìyọnu láti dúpẹ́.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi tẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì. Àwọn tó wà lórí ìtò na ọrùn. Obìnrin kan ní kí n jọ̀ọ́, tí mo bá ṣe tán, kí n wá bá òun parí ọkọ òun náà. Ọkùnrin kan tó wọ bàtà dídán wà lẹ́yìn mi gan-an, ó yọjú ka ìwé náà lórí èjìká mi, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ iṣẹ́ tísà rèé, wọn kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, ìwé wọn gan-an, ọwọ́ ni wọ́n fi yà á. Mo yíjú sí i. Mo ní bàbá, iṣẹ́ ta lẹ wá wá? Ó ní ti ọmọ òun obìnrin ni, tísà gidi ni, ìtàn ló kọ́. Mo ní ẹ kú oríire, ṣé yóò wá sí Abuyan? Wákàtí mẹ́ta ni, lẹ́yìn náà afárá okùn ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Sagayo kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ náà kò mọ Jovelyn, kò mọ èmi, iṣẹ́ inú onígun mẹ́rin yẹn nìkan ló mọ̀, òun ló ń sọ ẹni tí o jẹ́ fún un. Tí kò bá lè kà á, o kò sí. Ó ní a lè tẹ òmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ ló ń ṣí i. Wọ́n pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo sọ fún wọn pé wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ yín ní ẹnu ọ̀nà ilé ọṣẹ kí ó má bàa jábọ́ sínú ìkòkò. Ó ní ní aago mẹ́rin, ẹ̀rọ náà yóò ti ara rẹ̀, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òun. Mo wo aago ara ògiri. Aago méjì ti kọjá.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé èmi ni mo ṣe é. Mo rántí yàrá tí o gbà nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọjà yìí kan náà ló wà, mo rántí pé mo máa ń gbé ìrẹsì wá fún ọ níbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan tí ọ̀nà bá dára.

Ìgò ọ̀dà funfun tí àwọn akọ̀wé fi ń pa àṣìṣe rẹ́ wà lórí tábìlì Ọ̀gbẹ́ni Sagayo. Mo ní kí ó bá mi gbé e wá, kí ó gbé bírò dúdú wá, kí ó fún mi ní àga tó wà lójú fèrèsé. Ó ní kí ni mo fẹ́ ṣe. Mo ní mo fẹ́ tú u. Ó ní Ìyá àgbà, ẹ lè pa tiyín rẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́, ta ló mọ̀ ọ́n? Mo ní èmi. Mo ní mo kà á kí n tó fọwọ́ kàn án, ṣé inú igbó ni wọ́n ti tọ́ mi ni? Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta ewúrẹ́ tí kò tíì rí fún, ṣùgbọ́n ó gbé ìgò náà wá.

Mo yọ píìnì orí mi, òun ni mo fi ń kun ọ̀dà. Mo bo igun náà pátápátá. Ọmọbìnrin tó rẹ́rìn-ín ló jókòó tì mí tó ń fẹ́ ẹ kí ó lè gbẹ. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ohùn kékeré, ìlà kìn-ín-ní, ìlà kejì, mo ń fi bírò kun àwọn dúdú. Ọkùnrin oníbàtà dídán ló di ìwé náà mú kí atẹ́gùn má gbé e, n kò sì bẹ̀ ẹ́. Ní ìlà kẹfà ó sọ nù lórí mi. N kò mọ̀ bóyá dúdú ló bẹ̀rẹ̀ ni tàbí funfun. Mo di ojú, mo fi ọwọ́ sílẹ̀ kí ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe nídìí òfì nígbà tí èmi bá ń ronú nípa ọbẹ̀. Ó kọjá èkínní, ó sọ̀kalẹ̀ sórí èkejì. Funfun ló bẹ̀rẹ̀.

Ogún ìṣẹ́jú ló kù. Ọmọbìnrin náà tan iná pupa. Kò dún. Ó tún tàn án. Kò dún. Ọkùnrin oníbàtà dídán ní ó ti tán nìyẹn. Obìnrin tó fẹ́ kí n bá òun parí ọkọ òun ní kí ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo gba ìwé, mo gbé e sójú oòrùn. Irun orí mi kan, funfun, ti já bọ́ sínú ọ̀dà, ó dábùú orí dúdú mẹ́ta. Mo fi èékánná yọ ọ́. Wọ́n tan iná lẹ́ẹ̀kẹta, ó ké bí ọmọ adìẹ, orúkọ rẹ sì jáde lójú dígí kọ̀mpútà, gbogbo rẹ̀, títí dé orúkọ bàbá rẹ.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. N kò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń pa á fún tàbí ẹ̀rọ, mo bá wọn pa á.

Ọ̀gbẹ́ni Sagayo ní ìwọ nìkan ni orúkọ tó wà fún Abuyan. Ó ní kí o wá sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní ìlú ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, wàá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo níwájú èèyàn márùn-ún, wọn yóò sì máa kọ máàkì. Iṣẹ́ kò tíì di tìrẹ, ó ní kí n kọ ìyẹn dáadáa. Ó ní àwọn yóò sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n n kò fọkàn tán ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó gbé e dání, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí yóò fi bá Pakoy sọ̀kalẹ̀, tí yóò sì wọ bọ́ọ̀sì Màníla. Ó bi mí pé kí ló dé tí ẹni tó ní iṣẹ́ ní Màníla fi fẹ́ wá sí Abuyan. Mo ní kí ó bi ọ́ ní ọjọ́bọ̀, mo ní èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ. Ó wá ní òun náà, ilẹ̀ ojú ọ̀nà lòun ń wọ̀n fún ọdún méjìlá kí òun tó di tísà, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn náà lòun gbà.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ ní kíláàsì lónìí. Tísà Arsenia bo ojú. Ó ní wọn kò gbàgbé igun yẹn o. Ó ní igun mẹ́ta yòókù ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé òkè rèé, ẹ̀gbẹ́ rèé, igun tó ṣófo ló sì fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ ìwé wà. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, yóò kàn máa yí i po ni, kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Ó ní kò sí ẹni tó mọ̀ pé èèyàn kan wà láyé tí yóò fẹ́ kún un.

Ní ti ọjọ́bọ̀, má gbé ọṣẹ wá. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà níbí, eérú wà níbí, mo ti ń kó eérú jọ sínú agbada láti àná. Màá gbé wọn sọ̀kalẹ̀ wá bá ọ ní ìlú, kí o sè é lójú wọn. Màá mú ọmọ aládùúgbò mi dání, kí ó rí ọ̀rá tó di ọṣẹ, kí ó bèèrè pé irú èyí tó wà nínú ìwé? Tí o bá gòkè wá, kí o sì jẹ́ kí Lumawan fi àkọ́kọ́ rẹ̀ fọwọ́.

Owó tí mo fẹ́ kò pọ̀. Fi owó ọkọ̀ ọjọ́bọ̀ ránṣẹ́, torí mo máa wà níbẹ̀, mo ti sọ fún Pakoy pé kí ó má gba ẹlẹ́dẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Fi ti òwú dúdú àti òwú funfun sí i. Kí o sì ra ìgò ọ̀dà funfun kan fún Ọ̀gbẹ́ni Sagayo, mo lo tirẹ̀ tán.

Òwú náà, mo ti ta aṣọ kan sórí òfì láàárọ̀ yìí kí n tó lọ sí kíláàsì. Nígbà tí mo sì dé, mo yí ohun tí mo fẹ́ ṣe padà. Àpótí yóò wà ní igun mẹ́ta rẹ̀, n kò ní fi sí ìkẹrin. Aládùúgbò mi ti yọjú wò ó, ó bi mí bóyá ojú mi ti ń lọ ni. Mo ní ojú mi wà. Tí wọ́n bá fún ọ ní kíláàsì, yóò wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Tí wọn kò bá fún ọ, màá fi bo ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n n kò ní kún igun yẹn.

Kí Ọlọ́run gbé ọ gòkè wá bó ṣe gbé ọ sọ̀kalẹ̀. Kí ọ̀nà gbẹ, kí afárá dúró, kí ohùn rẹ má gbọ̀n níwájú àwọn márùn-ún. Kí ọmọ tó bá jókòó síwájú rẹ má lọ gba yàrá lẹ́yìn ọjà. Àmín.

Èmi ni, ìyá ìyá rẹ,
Gamaya, kíláàsì àgbà, ọdún kejì.

Tí o bá dé, má gba ẹnu ọ̀nà iwájú, ibẹ̀ ni ẹlẹ́dẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn. Gba ti ẹ̀yìn. Mo ti ṣí i.